Kí ni ojú yóò kọ́kọ́ rí? Ìdáhùn fún atẹ̀wé kan ní Lagere

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lagere, ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí mo ti ń ṣe pósítà ìsìnkú, ìwé ìpè, ìwé ètò ìsìn àti àwòrán ìkéde orí WhatsApp. N kò kọ́ ọ níléèwé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó máa ń wù mí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde tán, ojú rẹ̀ á yàtọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan dá pósítà ìyá rẹ̀ padà. Ó ní ó kún jù, ó ní orúkọ ìyá òun kò hàn, ó sì ní àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti fò lọ. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn ìlànà tó yẹ kí n mọ̀? Ṣé kí n sì fi CorelDRAW sílẹ̀, kí n bọ́ sórí Canva?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfaradà àwọn oníbàárà.

Mo ti wo pósítà náà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí oníbàárà yẹn sọ, ṣùgbọ́n àìsàn méjì ni mo rí níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta. "Ó kún jù" àti "orúkọ kò hàn", orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Ti àmì tó fò lọ jẹ́ ọ̀ràn fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, a ó dé ibẹ̀.

Ohun tó wà lórí ìwé A3 yẹn rèé: "Ìpapòdà Sógo" ní pupa gbàgàdà lókè, fọ́tò màmá nínú òbírí tí òdòdó yí ká, àdàbà méjì, àbẹ́là, ìkúùkù, orúkọ màmá ní yẹ́lò tó ní òjìji, ètò àìsùn, ètò ìsìn, ibi àsè, orúkọ àwọn ọmọ, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, orúkọ olùṣọ́àgùntàn mẹ́ta, nọ́ńbà fóònù mẹ́rin. Irú lẹ́tà mẹ́fà ni mo kà. Kò sí èyí tó gbà láti kéré nínú wọn, nítorí náà kò sí èyí tó tóbi. Ó dà bí ìpàdé ẹbí tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń kọjá lọ kò mọ ti ẹni tí yóò gbọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí o bá fẹ́ ìlànà kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, òun nìyí: kí o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, pinnu ohun tí ojú yóò kọ́kọ́ rí, èyí tí yóò tẹ̀lé e, àti èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá sún mọ́ ọn nìkan ni yóò kà á. Àwọ̀, lẹ́tà, àlàfo, fọ́tò, ìpinnu yẹn ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ fún. Bí o kò bá ṣe ìpinnu, CorelDRAW kò ní bá ọ ṣe é.

Jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, nítorí àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ "ó wù mí" nìkan ni iṣẹ́ wa. Àwọn tó ń ṣe pátákó ojú títì ní òdiwọ̀n kan: lẹ́tà tó bá ga ní ínǹṣì kan, ojú á kà á tìrọ̀rùntìrọ̀rùn láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ká ní ẹni tó ń rìn ní òdìkejì títì fi ẹsẹ̀ bàtà 40 jìnnà sí ògiri tí wọ́n lẹ pósítà rẹ mọ́. Lẹ́tà tí yóò kà láti ọ̀hún gbọ́dọ̀ ga ní ínǹṣì 4. Ìwé A3 fẹ̀ ní mílímítà 297, ó sì gùn ní 420, ìyẹn bí ínǹṣì 11.7 sí 16.5. Lẹ́tà ńlá tó nípọn sábà máa ń fẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga ara rẹ̀. Bí o bá wá kọ lẹ́tà tó ga ní ínǹṣì 4, mẹ́rin péré ni ìlà kan lè gbà. Orúkọ ta ló kúrú tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá?

Torí náà, kò sí bí o ṣe lè kọ orúkọ sórí A3 tí ẹni tó wà ní òdìkejì títì yóò fi kà á. Fi pupa kọ ọ́, fi òjìji sí i, fi iná yí i ká, kò ní kà á. Ohun tó lè rí láti ọ̀hún ni ojú ènìyàn. A máa ń dá ojú ẹni tí a mọ̀ mọ̀ kí a tó ka ohunkóhun. Fọ́tò màmá ni kó gba ìdajì ìwé, láìsí òbírí, láìsí òdòdó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ní, "Háà, ṣé kì í ṣe Ìyá Alákàrà nìyí?", á sọdá. Bó bá ku ẹsẹ̀ bàtà 10, á ka orúkọ tó ga ní ínǹṣì kan. Bó bá dúró síwájú ògiri, á ka ọjọ́ àti ibi ìsìn. Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, ẹbí ló máa ka ìyẹn, wọn á sì sún mọ́ ọn dáadáa kí wọ́n tó kà á.

Mi ò dárúkọ Ìyá Alákàrà ṣeré o. Lórí pósítà rẹ, orúkọ ìrìbọmi màmá ló wà, pẹ̀lú oyè ìjọ mẹ́ta níwájú rẹ̀. Àdúgbò kò fi ìyẹn mọ̀ ọ́n. Béèrè lọ́wọ́ oníbàárà: "Kí ni wọ́n ń pe màmá ládùúgbò?" Ohun tó bá dáhùn, òun ni kó wà ní lẹ́tà ńlá, tàbí kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àbísọ ní ìwọ̀n tó jọ ara wọn. Oyè ìjọ lè wà lókè rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Kò sẹ́ni tí yóò bínú sí ìyẹn, ó ṣáà ti wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ọnà Ifẹ̀ mọ ìlànà yìí ṣáájú wa. Ère Ọọ̀ni tí wọ́n fi idẹ ṣe, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ hú jáde ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957, orí rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gíga ara. Orí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ bí ara ṣe rí. Ẹni tó bá ti wo àwọn ojú idẹ Ifẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lè ṣe ojú kó rí bí ojú alààyè. Wọ́n yàn ni. Wọ́n fi ìwọ̀n sọ ibi tí agbára wà, ẹni tó bá sì wo ère náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí i fún òun.

Ní ti ìwọ̀n gan-an, lórí A3 èmi á fi orúkọ sí nǹkan bí póìǹtì 100, ọjọ́ àti ibi sí 48, ètò sí 24, orúkọ ẹbí sí 16. Wò ó pé ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ju èyí tó tẹ̀lé e lọ. Bí ìyàtọ̀ bá kéré, bíi 30 àti 34, òǹkàwé á rò pé ọwọ́ rẹ ló yọ̀. Má sì jẹ́ kí póìǹtì tàn ọ́ jẹ. Póìǹtì 72 ló wà nínú ínǹṣì kan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà póìǹtì 72 kì í ga tó ínǹṣì kan, nítorí pé wọ́n ti ka àyè tí ìrù g àti p ń bọ́ sí mọ́ ọn. Lẹ́tà ńlá sábà máa ń gba bí ìdá 7 nínú 10. Ibẹ̀ ni mo ti rí 100 tí mo sọ.

Àlàfo wàyí. Oníbàárà rò pé òun sanwó fún gbogbo ìwé, nítorí náà kí gbogbo ìwé ṣiṣẹ́. Àlàfo náà ń ṣiṣẹ́: òun ló ń sọ ohun tó bá ohun tan. Max Wertheimer, onímọ̀ ìrònú tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, kọ̀wé lórí èyí ní ọdún 1923, ó fi hàn pé àwọn nǹkan tó bá sún mọ́ ara wọn, ojú á kà wọ́n sí ẹgbẹ́ kan, yálà wọ́n jọra tàbí wọn ò jọra. Lórí pósítà rẹ, nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ orúkọ olùṣọ́àgùntàn. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọ̀nà ilé àsè, pásítọ̀ ni yóò pè! Ọjọ́ àìsùn sì jìnnà sí ibi àìsùn ju bó ṣe jìnnà sí ọjọ́ ìsìn lọ. Kó ọjọ́, àkókò àti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ kan jọ, kí àlàfo tó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjì fẹ̀ ju èyí tó wà nínú ọ̀kan lọ. Ìyẹn nìkan á yọ ìlà, àpótí àti ìràwọ̀ tí o fi ń pààlà kúrò.

Láti mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí, pín ìwé sí ilé-ilé kí o tó bẹ̀rẹ̀. Wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Olókun tàbí Ìbàdàn Dùn: àwọn ìyá aládìrẹ ti pín aṣọ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n tó fi ìyẹ́ kọ ohunkóhun sí i, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìdojú rú. Ní CorelDRAW, fa ìlà atọ́nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà wálẹ̀, kí eteetí ọ̀rọ̀ àti fọ́tò máa bá wọn dọ́gba. Má to gbogbo ọ̀rọ̀ sáàárín. Orúkọ àti àkọlé lè wà láàárín. Ètò ìsìn tó ní ìlà púpọ̀, apá òsì ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kí ojú lè mọ ibi tí yóò padà sí.

Bí mo ṣe dárúkọ àdìrẹ yìí, mo rántí àwọn àdàbà rẹ. Gbogbo pósítà òkú láti Ifẹ̀ dé Iléṣà níbí ló ní àdàbà kan náà, tí gbogbo yín jọ mú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1989, àwọn oníṣẹ́ ọnà tó so mọ́ yunifásítì tó wà nílùú yín, Moyo Okediji àti Kunle Filani wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀. Wọ́n ń mú àwòrán ara ògiri, aṣọ àti igbá Yorùbá wọ inú iṣẹ́ òde òní. Ìwọ náà lè ya ọ̀já àdìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ pósítà, kí o fi àdàbà sílẹ̀. Ẹbí á mọ̀ pé o ronú kàn wọ́n.

Ó wá kan lẹ́tà àti àmì, ibi tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń kùnà jù.

Irú lẹ́tà méjì tó fún pósítà kan: ọ̀kan fún orúkọ àti àkọlé, ọ̀kan fún ìyókù. Ọ̀kan péré náà tó, bó bá ní èyí tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́. Lẹ́tà tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìkọ̀wé ìgbéyàwó, fi í sílẹ̀ fún èdè tí kò ní àmì. Nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ máa ń jọ ìrù lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Kì í ṣe òní ni àmì ti ń yọ atẹ̀wé Yorùbá lẹ́nu. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ní 1875 wọ́n sì ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ kan, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wàá rí lábẹ́ ẹ àti ọ, kì í ṣe àmì kékeré róbótó. Wàhálà tiwa yàtọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode. Lẹ́tà ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ jẹ́ U+1E63. Lẹ́tà á, à, é, è náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé ẹ kalẹ̀, lẹ́yìn náà á gbé àmì ohùn òkè tàbí ti ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Ibi tí àmì yẹn yóò jókòó sí, ẹni tó ṣe fọ́ńtì ló gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ sínú rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, àmì á yà sápá kan, á gun orí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ màmá yẹn nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí ó máa ń tan àwọn ènìyàn. Fọ́ńtì púpọ̀ ní ẹ àti ọ nítorí pé èdè Vietnam ń lò wọ́n, àwọn tó ń ṣe fọ́ńtì sì rántí Vietnam ju bí wọ́n ṣe rántí wa lọ. Èdè Vietnam kò ní ṣ. Wàá tẹ ẹ, á jáde, wàá rò pé fọ́ńtì náà gbọ́ Yorùbá, àfi ìgbà tí o bá dé Ọ̀ṣun. Nítorí náà, kí o tó lo fọ́ńtì tuntun, tẹ gbólóhùn yìí ní lẹ́tà kékeré àti ní lẹ́tà ńlá: "Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀ṣun ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì." Bí gbogbo àmì bá jókòó síbi tó yẹ, gbà á. Bí ọ̀kan bá ṣí, pa fọ́ńtì náà rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ kí ó má baà dán ọ wò lọ́jọ́ mìíràn. Noto Sans àti Noto Serif máa ń gbé àmì wa dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni Gentium, Charis àti Andika tí àjọ SIL ṣe. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, o sì lè fi wọ́n ṣe iṣẹ́ owó.

Ó tún ku bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ rẹ dé ilé ìtẹ̀wé. Bí kọ̀ǹpútà tiwọn kò bá ní fọ́ńtì tí o lò, á fi òmíràn dípò rẹ̀ láìbéèrè, àmì á sì fọ́n ká. Lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí i, tọ́jú ẹ̀dà kan tó ṣì ṣeé tún ṣe, ṣe ẹ̀dà kejì, yan gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tẹ Ctrl+Q. Ọ̀rọ̀ á di àwòrán, fọ́ńtì kò tún ní iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Sún un gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn èyí, kí o ka àmì orí orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ òkú ni. Kò sí "ẹ má bínú" tó lè tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Yorùbá nílò àyè láàárín ìlà ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Photoshop àti àwọn ètò kọ̀ǹpútà míì tí iléeṣẹ́ Adobe ṣe máa ń fi ìdá 120 nínú 100 ìwọ̀n lẹ́tà sílẹ̀ fún ìlà kan bí o kò bá sọ nǹkan míì fún wọn. Àmì tó wà lábẹ́ ọ lókè á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àmì tó wà lórí é nísàlẹ̀. Gbé e sí 140 tàbí 150. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá nìkan lo fi kọ ìlà méjì léra, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orí lẹ́tà ńlá ni àmì ń gùn. Fúnra mi, n kì í fi lẹ́tà ńlá kọ ju orúkọ àti àkọlé kúkúrú lọ. Má sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá láéláé. Ìlà yẹn máa ń bo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mọ́lẹ̀, ó sì sọ ìkọ̀wé tó dára di àdìtú. Bí o bá fẹ́ tẹnu mọ́ nǹkan, mú kó nípọn. Òjìji náà ń ṣe irú iṣẹ́ ibi kan náà: ó máa ń kún àárín lẹ́tà àti àmì rẹ̀.

Àwọ̀ kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tó mọ́lẹ̀ àti ohun tó ṣókùnkùn ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣeé kà. Àjọ W3C tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù ní òdiwọ̀n fún un: 1 ni kò sí ìyàtọ̀ kankan, 21 ni dúdú lórí funfun. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kéékèèké kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 4.5 lọ, ọ̀rọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 3. Yẹ́lò tó mọ́ jù lórí funfun jẹ́ 1.07. Orúkọ màmá lórí ìkúùkù rẹ kò jìnnà sí ìyẹn, òun lo ṣe fi òjìji gbé e ró. Dúdú lórí yẹ́lò kan náà ju 19 lọ. Búlúù lórí dúdú jẹ́ 2.44, ó burú. Pupa lórí àwọ̀ ewé, tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn bí ẹ̀mí, máa ń ta ojú, ó tún ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tí ojú wọn kì í lè ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Bí o bá ń ṣiyèméjì, sọ iṣẹ́ náà di aláìláwọ̀ kí o tún kà á. Bí ọ̀rọ̀ bá pòórá, àwọ̀ ló ń tàn ọ́. Àwọ̀ méjì pẹ̀lú dúdú tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Bí ẹbí bá ti yan aṣọ ẹbí, mú ọ̀kan nínú rẹ̀.

O ní ojú iṣẹ́ máa ń yàtọ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ṣe àwọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi yíǹkì mẹ́rin ṣe tirẹ̀, ìyẹn CMYK. Búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà, yíǹkì kò ní wọn. Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé ní CMYK láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o má baà fẹ́ràn àwọ̀ tí o kò lè rí. Ọ̀rọ̀ kéékèèké, yíǹkì dúdú nìkan ni kó jẹ́, kì í ṣe àdàlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí yíǹkì kan bá yẹ̀ díẹ̀, eteetí lẹ́tà á di méjì, àmì abẹ́ ṣ á sì kọ́kọ́ lọ.

Fọ́tò náà ní òfin. Ìwé tó máa wà nítòsí ojú fẹ́ píksẹ́lì 300 nínú ínǹṣì kan, ìyẹn àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Fọ́tò tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1500 kò lè ju ínǹṣì 5 lọ ní ìwọ̀n yẹn. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, torí náà sọ fún ẹbí pé kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bí ìwé, tàbí kí wọ́n mú fọ́tò bébà wá kí o dà á kọ. Igun ni kí o máa fà bí o bá fẹ́ sọ fọ́tò di ńlá, má fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá tí mo rí lórí pósítà yẹn ti sanra ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Kí ó kọjú sí ọ̀rọ̀, má jẹ́ kó máa wo ìta ìwé, torí ibi tó bá ń wò ni òǹkàwé á wò. Ṣùgbọ́n má yí fọ́tò padà bí ti dígí láti rí ìyẹn ṣe. Ẹni tó kọ bààmú sí ẹ̀gbẹ́ kan, wàá gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó gẹ̀ fìlà sọ́tùn-ún á di ẹni tó gẹ̀ ẹ́ sósì. Àwọn ọmọ rẹ̀ á mọ̀. Ọ̀rọ̀ ni kí o gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Fún WhatsApp, má kàn fi pósítà A3 ṣọwọ́. Ojú fóònù fẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 68. Bí 297 bá wọ inú 68, gbogbo nǹkan ti kéré ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé, lẹ́tà póìǹtì 16 ti di bí 3.7. Ṣe òmíràn, píksẹ́lì 1080 sí 1080, kó ní ojú, orúkọ, ọjọ́ àti ibi. Kọ ìyókù sábẹ́ àwòrán bí ọ̀rọ̀, kí wọ́n lè dà á kọ, kí wọ́n sì lè tẹ nọ́ńbà fóònù pè.

Mo mọ ohun tí o ń rò: oníbàárà kò ní gbà kí o yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Má yọ ọ́. Sọ fún un pé ìwé ètò ìsìn ló ní ojú ewé fún gbogbo ẹbí, níbi tí wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀, tí òjò kò ní pa á. Àwọn ọmọ tí o bá fi sórí pósítà, ìwọ̀n lẹ́tà kan náà ni kí o fún gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn wáyé. Bí àbíkẹ́yìn bá ní òun nìkan ló san owó, tó ní kí tirẹ̀ tóbi, ẹbí ni kó lọ bá sọ ọ́. Gba àkọsílẹ̀ tí wọ́n jọ fọwọ́ sí kí o tó tẹ̀ ẹ́. Fi iṣẹ́ méjì hàn án bí o bá lè ṣe é, èyí tó béèrè fún àti èyí tí o rò pé ó dára. Lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri òdìkejì ṣọ́ọ̀bù, má fi hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á yàn fúnra wọn.

Ní ti Canva, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ó yá fún àwòrán WhatsApp, o sì lè fi fóònù ṣe é bí kò bá sí iná. Ṣùgbọ́n àwọn àwòkọ́ṣe inú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rò ní ọkàn nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n: ìlà wọn fún pọ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì wọn kò sì ní yege nínú gbólóhùn ẹ̀ṣọ́ Ọ̀ṣun tí mo fún ọ. Fún pósítà àti ìwé ètò tó ń lọ sílé ìtẹ̀wé, dúró lórí CorelDRAW tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀. Èyíkéyìí tí o bá lò, PDF ni kí o fi ránṣẹ́, kí àwọ̀ tó bá kan etí ìwé sì yọ jáde ní mílímítà 3 yíká, kí ọ̀bẹ wọn má baà fi funfun sílẹ̀ létí. Àwọn ilé ìtẹ̀wé mìíràn ń fẹ́ 5. Béèrè lọ́wọ́ tìrẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.